Bọ́tìnì Kẹta

Ọdún méjìlélógún ni mo fi gba ẹ̀wù òtútù lọ́wọ́ Ardis Haugland
lẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin, ní Bismarck, ní Dakota Àríwá.
Ẹ̀wù kan náà ni. Bọ́tìnì kẹta já lọ́dún àkọ́kọ́,
kò rán an títí ó fi lọ.

Bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ló ń wà kí wọ́n tó dìbò yàn án.
Ohun kan ṣoṣo ló bá wá: afárá,
afárá onígi orí odò Skarby, tí ìjọba fi pákó dí lójú,
tí àwọn ọmọ wá ń gba orí omi dídì kọjá,
títí yìnyín fi ya lábẹ́ àwọn ọmọ Lindvig méjì.

Ó dìde, ó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní owó kò sí.
Lẹ́yìn ọdún méjì ó tún dìde.
Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.
Ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, yẹ̀ ẹ́ wò, oorun gbé e lọ.
Lẹ́ẹ̀kẹta, iná pupa kún ojú pátákó ìbò.
Mo rí Ardis tó ń fi ìka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ka ọmọ wọnú bọ́ọ̀sì.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni o.
Ó tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé fún àwọn elépo rọ̀bì nígbà kan,
kí ọkùnrin Williston kan lè ti afárá lẹ́yìn.
Ọkùnrin náà ò tì í.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó gba ẹ̀wù rẹ̀, ó ní,
"Gus, mo ta màlúù, okùn ni wọ́n fi san án fún mi."

Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án ló tó wọlé. Ìbò mẹ́ta péré.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé kọ́ọ̀fì ṣì kù.

Wọ́n kọ́ ọ, irin àti kọnkéré.
Ṣùgbọ́n iléèwé Skarby ti kógbá sílé lọ́dún tó ṣáájú,
àwọn ọmọ ti bá òbí wọn lọ sí Fargo.
Ìgalà ló ń gba ibẹ̀, àti ọkọ̀ lẹ́tà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìbò mọ́kànlá ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta katakata fi yọ ọ́ nípò.
Kí ló tiẹ̀ ṣe láti ọjọ́ yìí? Ohun tí ọmọ náà ń bi aráàlú nìyẹn.
Ardis kó ife kan, àti pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.
Mo na ẹ̀wù sí i. Mo ní, "Afárá ṣáà wà níbẹ̀."
Ó ní, "Ó wà níbẹ̀."
Ó ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì ọkọ̀, ó wa ara rẹ̀ lọ sílé.

Mo gba ọ̀nà Skarby kọjá nígbà tí yìnyín ń yọ́.
Mo bá ìyá àwọn ọmọ Lindvig lórí afárá, ó ti darúgbó,
ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó dé òdì kejì, ó dúró díẹ̀, ó yí padà.
Kò sí ilé níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀.
Ó kàn ń kọjá ni,
omi ò kan ẹsẹ̀ rẹ̀.