Ojú Bíríkìlà

Oṣù kẹfà ni, yìnyín ṣì ga ju orí ọkọ̀ lọ
lẹ́bàá ọ̀nà tó gòkè láti Ṣílókùwìn.
Bàbá mi wọ ẹ̀wù òtútù méjì, ó fa fìlà bo etí,
ó ní, "Ṣé ohun tí ẹ ń pè ní ẹ̀ẹ̀rùn nìyí?"
N kò dá a lóhùn. Iṣẹ́ òru ọsibítù ṣì wà lójú mi.

A dé etí ọ̀gbun. Ó dákẹ́.
Omi tó wà nísàlẹ̀, n kò ní fi aró wé e:
aró ní ìkòkò, aró ní ìdí.

Lọrẹ́ńtà aṣọ́gbó, ọmọ ẹ̀yà Kílámáàtì, ní,
"Orúkọ tó wà lára pátákó yẹn, àṣìpè ni.
Adágún Kírétà ni wọ́n pè é. Kì í ṣe kírétà.
Kírétà ni ẹnu tí òkè fi ń bì,
ibi tó ti tu eérú, tó tu òkúta,
tí ohun tó tu sì dì yí ètè rẹ̀ ká.
Ṣé ẹ rí erékùṣù kékeré tó rí bí ọ̀gán yẹn?
Orí rẹ̀ dáhò. Kírétà gidi nìyẹn.
Èyí tí ẹ dúró létí rẹ̀ yìí, kàlídẹ́rà ni."

Mo ń wá bí n ó ṣe túmọ̀ rẹ̀. Kí n tó lanu,
bàbá mi ti na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi okùn wọn ògiri.
"Èyí wó ni," ló wí. "Wọn ò gbẹ́ ẹ.
Wo bí ògiri ṣe já, sínú ló já sí.
Ihò tí a bá gbẹ́ máa ń ní òkìtì létí,
erùpẹ̀ inú rẹ̀ ló wà níta yẹn.
Èyí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ṣófo,
òrùlé wá tẹ̀lé e wọlé.
Mo rí irú rẹ̀ n'Ígbàjọ, lọ́dún tí wọ́n ń wa iyanrìn
lábẹ́ ilé Adéṣiyùn, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tà á.
Ilé náà kò pariwo. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó."

Mo sọ ọ́ fún Lọrẹ́ńtà. Ó rẹ́rìn-ín,
ó ní òun ò ní nǹkan tí òun ó fi kún un,
àfi pé òkè tiwọn pariwo o:
eérú rẹ̀ dé Kánádà.

"Omi ńkọ́? Odò wo ló gbé e wá?"
Kò sí odò kankan. Òjò ni, àti yìnyín,
ọdún lé ọdún, títí ibi tó ṣófo fi kún débí yìí.
Bàbá mi mi orí. "Ó pẹ́," ló wí.

Mo rántí ilẹ̀ ọ̀nà Ìrẹsì tó tà fún owó ilé-ìwé mi,
lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́, aago ọwọ́,
bó ṣe ń yọ wọ́n lábẹ́ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
N kò gbọ́ ariwo kankan.
Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ní kó fa sípù ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Bí a ṣe ń padà sídìí ọkọ̀, ó dúró níwájú pátákó,
ó béèrè ìdí tí wọn kò fi tún orúkọ náà kọ.
Lọrẹ́ńtà ní ó ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu.
"Hẹn," ló wí. "Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti fọwọ́ kan ṣíbí ìrẹ́lé,
Bíríkìlà náà ni wọ́n ṣì ń pè mí."
Ó gbá yìnyín kúrò lórí pátákó,
ó fi ẹsẹ̀ ti ìdí òpó rẹ̀ wò,
bóyá ó dúró dáadáa.