Fèrèsé Kejì

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí n tó to rìsíìtì mi tán,
yóò ti dúró síbẹ̀, gìtá lẹ́yìn bí ọmọ tó sùn,
ojú rẹ̀ pọ́n, aṣọ eré àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
Ẹrẹ́jà ló ti fẹsẹ̀ rìn wá.
"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta lẹ dá dúró lọ́sẹ̀ yìí?"

Mo ṣí ìwé ńlá. Mo ka orúkọ.
Ìyá ìbejì láti Ìbòkun, ọjọ́ mọ́kànlá:
ara ti yá, owó ni kò yá.
Ọmọ káfíńtà tí wọ́n to eegun itan rẹ̀.
Bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ ní òun ń bọ̀,
tí kò tíì bọ̀.

Á tú ọ̀rá dúdú sílẹ̀:
owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú orí ọ̀gá wọn,
tí wọ́n pín, tí ìwọ̀nba kàn án.
Òógùn ti mú un rọ̀.
Àtíkè ìyàwó tuntun ṣì wà lára igba náírà kan.
Mo ń nà án lórí itan bí ẹni ń lọ aṣọ.

"Orúkọ wo ni kí n kọ?"
"Kọ ọmọ òṣómàáàló."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òun ò rẹ́rìn-ín.
Ó ní baba òun ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
l'Ọ́fà, nígbà tí ìyá òun wà ní wọ́ọ̀dù yìí,
òun lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án,
tí kò sẹ́ni tí yóò wí pé, "Jẹ́ ó re ulé."
Ẹnìkan san án. Ta ni?
Ìyá òun ò mọ̀ títí ó fi kú.
"Gbèsè tí mi ò mọ olówó rẹ̀,
ibo ni kí n san án sí?
Ìyẹn ni mo ṣe wá lóṣòó tì yín."

Ọ̀gá wọn náà fún wa ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà lọ́dún tó kọjá,
pẹ̀lú bánà, pẹ̀lú fọ́tò, pẹ̀lú kọmíṣọ́nnà.
Bẹ́ẹ̀dì náà dára. Mi ò bú u.
Aláìsàn ń sùn lé e.

Mo ní, "Okùn gìtá yín kan ti já. Ẹ rà á."
Ó ní, "Mẹ́ta ṣì ń dún."

Lónìí, ìyá ìbejì jáde,
ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà.
Ó bá ọkùnrin kan ní géètì tó ń dúró de ọ̀kadà.
"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé báàgì yìí dé títì."
Ó gbé e, gìtá lẹ́yìn, báàgì lórí.

Mo rí wọn láti ojú fèrèsé.
Mi ò pariwo.
Mo pe ẹni tó kàn.