Ewé Ìsàlẹ̀ Agbọ̀n

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi di obì ní Mákun, ní Ṣágámù,
tí mo ń to ewé lé ewé nísàlẹ̀ agbọ̀n
kí obì tó bẹ̀rẹ̀.
Ìka mẹ́rin ewé. Nígbà ọ̀wọ́n, ìka mẹ́fà.
Bàbá mi ló kọ́ mi. Ó ní ọjà kò mọ ojú,
ọwọ́ ló mọ̀.

Mo mọ obì. Mo lè fi etí mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀:
a máa dún fúyẹ́ bí a bá jù ú lu èkejì.
Ìta rẹ̀ ń dán, ó pupa, ó tó gbé fún àna.
Inú rẹ̀, ìyẹ̀ lásán.
N kò ronú kan ara mi rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n ń ṣe ìrántí ikú Olúwa
mo lọ dúró de Bàbá Ọnàfọwọ́kàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọ̀kẹ́ méjì náírà, oṣù kẹta rèé.
Mo ti se èébú sílẹ̀ bí ẹni se oúnjẹ.
Ó ní, "Wọlé, ọmọ mi, àdúrà ló kù, n kò ní pẹ́."
Mo wọlé. Mo jókòó sórí àga kan tó ń han,
mo na bàtà mi sójú ọ̀nà
kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé n kò bá wọn ṣe.

Bàbá kúnlẹ̀. Eékún rẹ̀ dún ju àga mi lọ.
Ó gbàdúrà fún òjò, fún ọmọ Ìyá Bọ̀ṣẹ̀ tó wà nílé ìwòsàn,
fún páànù tó ń jò lókè pẹpẹ.
Lẹ́yìn náà ó ní,
"Mo dúpẹ́ nítorí Ṣódípẹ̀,
tó yá mi lówó lọ́dún tí ojú mi fẹ́ fọ́.
Bí kò ṣe tirẹ̀, n kì bá tún rí ìwé kà níwájú Rẹ.
Rántí rẹ̀ o."

Bóyá kò mọ̀ pé mo ń gbọ́. Bóyá ó mọ̀.
N kò bi í títí dòní.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi
ẹnikẹ́ni kò tíì fi orúkọ mi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.
Mo wá èébú mi lẹ́nu, n kò rí i.
Mo fa bàtà mi kúrò lójú ọ̀nà.

Lóru ọjọ́ náà mo tú agbọ̀n méje.
Ewé tí mo kó jáde di òkìtì;
ewúrẹ́ ìta wa jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Àdúrà mi kò gùn. Mo ní, "Olúwa, wo inú."
N kò mọ èyí tó kàn, mo tún un sọ.

Mo ṣírò ọdún mọ́kànlá, n kò lè ṣe é tán.
Mo ta alùpùpù mi, mo kó owó lọ sí Sábó,
mo kà á sórí ẹní Málàm Dánládì.
Ó wo owó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.
"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ̀?
Láti ayé bàbá ẹ ni mo ti ń yọ owó ewé
kí n tó dá iye lé obì."
Ó dákẹ́. Ó wolẹ̀.
"Nígbà míì, mo máa ń yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."
A jókòó síbẹ̀, àwa méjèèjì, owó wà láàrin wa,
kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín.

Ẹ má rò pé mo ti di áńgẹ́lì.
Nígbà ọ̀wọ́n, ọwọ́ mi ṣì máa ń wá ewé fúnra rẹ̀
bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.
Ìyàwó mi ṣì ń ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì.
Kò burú. Kó máa kà á.
Èmi ni mo gòkè lọ kan páànù pẹpẹ,
Bàbá ló di àkàsọ̀ mú.

Gbèsè rẹ̀ ńkọ́?
Ó ń san án, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan.
Mo ní kó fi sílẹ̀, ó kọ̀.
Ó ní bí òun bá san án tán,
kí ni n ó tún máa wá gbà?