Òkúta Ẹnu Ọ̀nà

Lọ́dún tí owó kòkó já wálẹ̀
bí akọpẹ tí igbà rẹ̀ já,
èmi ni mò ń di wáyà rédíò mú
lẹ́yìn ilé wa ní Òkè Àró, ní Àkúrẹ́.
Bàbá á ní: "Gbé e sókè. Rárá, yà sọ́wọ́ ọ̀tún.
Dúró bẹ́ẹ̀. Má mí."
Bátìrì tí a sá sóòrùn láti àárọ̀
ló ń bá wa sọ̀rọ̀ láti Jámánì Ìlà-Oòrùn,
níbi tí ẹ̀gbọ́n mi, Akínmọ̀ládùn,
ti lo ọdún mẹ́fà nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Kò tíì pẹ́ tí lẹ́tà rẹ̀ dé.
Wọ́n ti tú u, wọ́n tún un lẹ̀;
ẹnìkan ti kọ́kọ́ bá wa kà á.
Ó ní wọ́n ń tò fún ọsàn, wọ́n ń tò fún bàtà,
pé bí òun bá ti rí ìlà, òun á kọ́kọ́ tò sẹ́yìn
kí òun tó béèrè ohun tí wọ́n ń tà níwájú.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà ló ń bi léèrè:
"Ògiri tí ìbọn rẹ̀ dojú kọ inú ilé,
ṣé olè ló ń dènà, àbí onílé?"

Lọ́jọ́ Ajé, ohùn inú rédíò ní
wọ́n tún jáde ní Láípísíìgì tàwọn ti àbẹ́là,
irú èyí tí àwa ń tàn bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pariwo:
"Àwa ni ará ìlú! Àwa ni!"
bí ẹni pé ẹnìkan ti gbàgbé.
Oṣù kọkànlá, ògiri lanu.
Alángbá kọ́ ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ènìyàn ni,
tòun ti ọmọ léjìká, tòun ti òòlù.
Lẹ́yìn náà Pírágì. Lẹ́yìn náà Bukarẹ́sìtì,
níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn.
Bátìrì kú mọ́ Bukarẹ́sìtì lẹ́nu;
ó di ọjọ́ kẹta ká tó gbọ́ bó ṣe parí.

Abẹ́ sójà làwa náà wà nígbà yẹn.
Bàbá wo títì, ó wo rédíò tó dákẹ́:
"Tiwa yìí ò ní bíríkì.
Ibo lèèyàn ó ti gbé òòlù lé?"

Akínmọ̀ládùn padà dé.
Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́,
wọ́n tà á fún ẹni tó tì í pa.
Òmìnira dé, iṣẹ́ lọ,
àwọn ọ̀dọ́ tó fárí kodoro
ń lé aláwọ̀ dúdú káàkiri ibùdókọ̀.
Àpótí kan ló gbé wálé, àti òkúta kan
tó lọ fọwọ́ ara rẹ̀ gé ní Bẹ̀líìnì:
ojú kan jẹ́ ọ̀dà pupa, ojú kejì jẹ́ eérú.

Lọ́dún 1993, àwa náà tò
nínú ọgbà ilé-ìwé kan lẹ́bàá Arákàlẹ̀.
Ó ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ó ní: "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo tò
tí mo mọ ohun tí wọ́n ń tà níwájú."
Kò mọ̀. Àwa náà ò mọ̀.
Wọ́n gba ìbò wa, wọ́n kà á,
oṣù náà ò tíì tán tí wọ́n fi fagi lé e.

Nísinsìnyí tí a ní ìjọba àwa-ara-wa,
bí mo bá bi í léèrè, kì í yára dáhùn.
Ó ní ògiri ò ṣòroó wó,
ilẹ̀ tí ògiri wà tẹ́lẹ̀ ló ṣòroó gbìn.
Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní ọsàn tí wọ́n ń tò fún yẹn,
kò dùn tó ti Ìdànrè.

Bàbá ti sùn.
Ìlẹ̀kùn ilé wa ti wọ́, kì í ṣí dúró;
afẹ́fẹ́ díẹ̀, á pa dé.
Òkúta yẹn la fi dá a dúró,
ojú tó pupa kọjú síta.
Bó bá sún, Akínmọ̀ládùn á fẹsẹ̀ tì í padà sáyè rẹ̀
láràárọ̀, kó tó wọ bàtà.