Ìlà Tó Tẹ̀

Ọdún méjìlélógún ni mo fi ya ìlà yẹn sójú pátákó.
Ṣọ́ọ̀kì á kán, màá mú òmíràn,
èjìká ọ̀tún mi á máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́,
ẹ̀yìn mi á wà sí kíláàsì,
ìlà ọ̀hún á sì wọ́ bí ìrù ajá tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.
"Ẹ fojú inú wò ó," ni mo máa ń wí.
Ojú inú ta ni?

Lọ́dún yìí wọ́n kó kọ̀ǹpútà méjìdínlógún wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Oǹdó.
Mọ́kànlá ló ń ṣiṣẹ́.
Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé mò ń pọ́n ọn lé.
Yàrá tí a ń kó àga fífọ́ sí ni wọ́n kùn lọ́dà,
òórùn ọ̀dà àti ti eruku gbígbóná ló kọ́kọ́ kí wa.

Mofọlọ́ṣadé jókòó sídìí èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé,
ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti ọ̀nà Làjé.
Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bá ìṣirò wọ ìjàkadì,
ẹ̀ẹ̀mejì ni ìṣirò dá a.
Ó di eku kọ̀ǹpútà mú bí ẹni di eku gidi mú,
ìka méjì péré, ìyókù ń sá.
A rẹ́rìn-ín. Òun náà rín.

Mo ní, ẹ tẹ ẹ́kìsì lọ́nà ẹ́kìsì.
Ìlà yọ, ó tẹ̀ bí inú igbá.
Mo ní, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀.
Igbá dojú dé.
Ó tún un ṣe: igbá ṣí, igbá dé, igbá ṣí.
Ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sí i, ẹnu igbá là gbàràgàdà.
Ó fi mẹ́wàá gan-an sí i, ó fún pọ̀ bí ọrùn agbè.
Nígbà tó yá ló wí, kì í ṣe fún mi:
"Bí bàbá mi ṣe ń ju kòkó sórí òkìtì nìyí.
Ó ń gòkè, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń bọ̀."

Ó ń gòkè, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń bọ̀.
Ọdún méjìlélógún, n kò rí gbólóhùn yẹn sọ.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n mú iná lọ.
Gíláàsì mọ́kànlá ṣú lẹ́ẹ̀kan náà,
eku ò ké bí eku mọ́.
Tìmílẹ́hìn sáré lọ wo jẹnẹrétọ̀: kò sí epo,
ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé epo wà lọ́wọ́ rẹ̀
ti lọ síbi òkú ní Ilé-Olújì.
Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo ń wá ṣọ́ọ̀kì. Àṣà ni.

Ṣùgbọ́n Mofọlọ́ṣadé kò tíì dìde.
Ó ń fi ìka kan fa nǹkan sójú afẹ́fẹ́,
lọ sókè, rọra, wá sílẹ̀.
Ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀,
lẹ́yìn náà àwọn tó wà lẹ́yìn.

Mo dá ṣọ́ọ̀kì padà sápò.
"Ibo ló ti rẹ̀ ẹ́ jù?" ni mo bi wọ́n.

Nínú ooru ọ̀sán yẹn,
gbogbo ìka dúró síbì kan náà.