Ó Lóṣòó sí Igun Ojú Kọ̀ǹpútà

Láti ọjọ́ Ajé ló ti lóṣòó síbẹ̀,
ní igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún,
àmì róbótó pupa kan, kò ju ojú ẹ̀wà lọ:
"Àtúnṣe ti dé. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?"
Mo ní, lọ́la.
Nígbà tí ọ̀la dé, ó ṣì ń wò mí.

Mo mọ irú ìlóṣòó yìí.
Ọmọ ọmọ òṣómàáló ni mí, ní Òkèṣà, ní Iléṣà.
Bàbá bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ dé Ìkàrẹ́, ó gùn ún dé Kàbà,
ó ń ta aṣọ láwìn.
Bí oṣù bá pé, á dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè,
á ní òṣó lòun ó ló títí owó yóò fi bọ́ sọ́wọ́.
Àmọ́ èyí kò bèèrè owó.
Irọ́ ni. Gìgábáìtì kan àti ààbọ̀ ló bèèrè,
ẹ lọ bi àwọn oní-dátà ní Bọ́lọ́rundúró ní iye tíyẹn jẹ́.

Ìbídàpọ̀, tí a jọ yá yàrá iṣẹ́, ní
"Àdá tó bá ń gé, kí la fẹ́ pọ́n lára rẹ̀?"
Ọdún kẹta rèé tó ti ń lo ẹ̀yà kan ṣoṣo,
ó ń pè é ní àgbà.
Èmi náà ìbá gbà fún un,
bí kì í bá ṣe ti náírà mẹ́ta.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kòkó ní Ìbòdì
ni mo ń bá kó ìwé owó sínú kọ̀ǹpútà.
Náírà mẹ́ta ń sọnù nínú èlé, lóṣooṣù,
kì í ṣe mẹ́rin, kì í ṣe méjì.
Akápò wọn, Màmá Fágbàyí, wo ojú mi,
kò sọ nǹkan kan.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún,
ó tún un fi sójú.
Ìbá sàn kó bú mi.

Mo ka kóòdù mi láti òkè dé ilẹ̀,
mo kà á láti ilẹ̀ padà sókè,
mo pe ara mi ní orúkọ tí ìyá mi kò sọ mí.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, àárẹ̀ ló sún mi, kì í ṣe ọgbọ́n,
mo tẹ̀ ẹ́: ó yá, bẹ̀rẹ̀.
Ó rìn dé ìdá mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún,
Nẹ́pà mú iná wọn.
Mo da epo sí jẹnẹrétọ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Nígbà tó parí, àkùkọ kan ti kọ lẹ́yìnkùlé.
Ó tẹ́ ohun tí wọ́n tún ṣe síwájú mi, ní ìlà kúkúrú:
a dí ihò tí olè lè gbà wọlé,
a yọ ohun tó ń mú un lọ́ra,
àti ní ìlà kọkànlá, láìlu agogo:
"Ẹ̀yà tó ṣáájú máa ń ṣi ẹ̀sún owó kà.
Àwa la jẹ̀bi. Ẹ má bínú."

Náírà mẹ́ta mi nìyẹn.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo rántí ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa,
pé lọ́dún kan, aró ń ṣí lára aṣọ tí bàbá bàbá mi tà.
Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é.
Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo gbogbo ẹni tó rà nínú ìgàn yẹn,
ó di òmíràn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́,
ó ń yà láti ilé dé ilé:
"Ẹ gba èyí, ẹ fún mi ní ti tẹ́lẹ̀."
Ilé kan wà tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un,
wọ́n rò pé gbèsè ló wá sìn.
Ó lóṣòó síta títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀, mo fọwọ́ kan èjìká Ìbídàpọ̀.
"Ó ku ìwọ," mo ní.
Ó ní, "Lọ́la."
Àmì pupa náà wò mí láti ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀,
ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe,
ó lóṣòó.