Ọwọ́ Tí Kì Í Gbọ̀n

A kì í ná ẹja tó ṣì wà nínú ibú,
ìdí nìyẹn tí mo fi gbéra láàárọ̀ Sátidé,
mo wa ọkọ̀ gba etí òkun tó ti dì gbagidi,
wákàtí kan àbọ̀, títí dé ẹ̀yìn Kokkola,
lọ wo ẹ̀rọ afíngi kan tí kọ̀ǹpútà ń darí,
àlòkù, ẹgbẹ̀rin yúrò, “kò sí wàhálà lára rẹ̀.”

Tauno Hietala jáde wá pàdé mi nínú bàtà ilé,
yìnyín ń fọ́ rúmúrúmú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Kò bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.
Mo rò pé òtútù ni.

Sáúnà àtijọ́ ló sọ di ṣọ́ọ̀bù:
òórùn igi páìnì, òórùn èéfín ọdún pípẹ́.
Ẹ̀rọ náà wà láàárín, kò ju tábìlì ìjẹun lọ,
afárá irin rẹ̀ dábùú lé e lórí,
wáyà yọ lára rẹ̀ bí iṣan lọ́wọ́ arúgbó.
Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ju ọmọ mi kejì lọ lọ́jọ́ orí.
A tàn án. Ó wúkọ́. Ó ronú.
A mu kọfí kan tán kó tó dá wa lóhùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo pákó ìsàlẹ̀,
èyí tí abẹ máa ń jẹ wọ̀ bó bá ti gé iṣẹ́ já.
Ẹni tó bá mọ àpá kà, ìwé ni:
ìdajì gìtá,
ẹja kan tí kò ní ojú,
lẹ́yìn náà A, U, N, E,
AUNE, ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n gun ara wọn,
bí ọmọ iléèwé tó ń kọ orúkọ títí yóò fi gún.
“Ìyàwó mi,” ó ní.
Kò fi kún un. Èmi náà ò bèèrè.

Mo yọ géèjì mi.
Mo ti afárá síwájú, mo fà á sẹ́yìn.
Ní òòró, ó dúró ṣinṣin.
Ní ìbú, ó yẹ̀ díẹ̀,
ìdajì mìlímítà, ohun tí ojú lásán ò lè rí,
tí lẹ́tà O yóò sì fi di ẹyin.
Mo mọ̀. Mo dákẹ́.
Mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀ dìgbà tí a bá dé orí owó,
kí n wá fà á yọ bí ọ̀bẹ nínú àkọ̀.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.
“Sirkka, ó ń gbọ̀n ní ìbú.
Nọ́ọ̀tì idẹ ara síkúrù gígùn yẹn ló ti jẹ.
Mi ò lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́.”
Ìgbà náà ló yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò,
ó gbé méjèèjì lé orí tábìlì,
wọ́n ń gbọ̀n bí ọmọrí ìkòkò tó ń hó.
“Torí èyí ni mo ṣe rà á. Ọdún mọ́kànlá.
Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ni mo ń wá.
Ó sìn mí, sìn mí, ó wá fìwà jọ mí.”
Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bá a rín in.

Ẹgbẹ̀ta ti wà lórí ahọ́n mi láti ilé.
Mo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.
Òun ní ẹgbẹ̀ta.
Mo ní rárá, ó ní kí n má sọ ọ́ di ẹni àánú.
A ń ná ọjà lódìlódì, kọfí kejì ń tutù,
títí a fi pàdé ní àádọ́ta lé ní ẹgbẹ̀ta,
inú ń bí àwa méjèèjì díẹ̀.

Nọ́ọ̀tì tuntun: yúrò mọ́kàndínlógún, láti Turku.
Ó yẹ kí n ti fá pákó náà dán. Mi ò tíì fá a.
Láàárọ̀ Ọjọ́rú mo gé O kan,
mo wọ̀n ọ́n lọ́nà mẹ́rin. Róbótó.
Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i.

Ọjọ́ méjì kọjá kó tó fèsì,
ọ̀rọ̀ kan péré,
àṣìtẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀.
Mo rí i kà.